Ọpọlọ tó mọ́ gaara bíi gíláàsì: Báwọn onímọ̀ ṣe ń fi àwọ̀ tó ń tàn tọpa okùn inú orí

Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, Oswald Steward, Binhai Zheng àti Marc Tessier-Lavigne, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ tí kò dùn-ún gbọ́. Tí a bá túmọ̀ àkọlé rẹ̀ sí èdè Yorùbá, "Àjíǹde èké" ni wọ́n pè é. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Ọ̀rọ̀ àwọn tí eegun ẹ̀yìn wọn ti ṣẹ́ ni, àwọn tí ọkọ̀ gbá tàbí tí wọ́n já bọ́ látorí ọ̀pẹ, tí ẹsẹ̀ wọn kò sì gbé wọn nílẹ̀ mọ́ látọjọ́ náà.

Okùn iṣan tó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá ló ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ bá rán lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bó bá já lára àgbàlagbà, kì í sábà hù padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbàkigbà tí yàrá ìwádìí kan bá kéde pé òun ti rí i tó hù padà lára eku, ìròyìn ayọ̀ ló máa ń jẹ́. Ohun táwọn mẹ́ta yìí wá ń sọ ni pé kí wọ́n rọra ṣe. Okùn tí wọ́n rí nísàlẹ̀ ojú ọgbẹ́, tí wọ́n sì pariwo pé ó ti jí dìde, ó ṣeé ṣe kó má kú rí. Ó lè jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń dá ọgbẹ́ sí ẹ̀yìn eku náà, ọ̀bẹ fo okùn kan tàbí méjì dá. Wọ́n wá ṣàlàyé àwọn àmì tí èèyàn lè fi mọ èyí tó hù lóòótọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀bẹ fò.

Báwo ni ọ̀mọ̀wé ṣe máa ń ṣi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mú? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wo ọpọlọ àti okùn ẹ̀yìn láti ọjọ́ pípẹ́ ló fà á. Ẹran ara kì í jẹ́ kí ojú ríran gba inú òun kọjá, nítorí náà wọ́n ní láti gé e. Wọ́n á rẹ ọpọlọ eku sínú fọ́málíìnì kó lè le, wọ́n á fi ẹ̀rọ gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní nípọn tó fọ́nrán irun orí, wọ́n á tẹ́ wọn sórí gíláàsì, wọ́n á sì máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ìyẹn awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Okùn kan ṣoṣo tó ti orí eku dé ìdí rẹ̀ á ti di ègé lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹni tó bá rí ègé kékeré kan tó ń tàn nísàlẹ̀ ọgbẹ́, kò sí bó ṣe lè fọwọ́ sọ̀yà pé ojú ọgbẹ́ gan-an ló gbà kọjá, tàbí pé ẹ̀gbẹ́ ló gbà yọ. Ẹ mú aṣọ òfì kan, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ wá ní kí ọmọ yín tọ fọ́nrán òwú kan láti etí aṣọ náà dé etí kejì. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀nà àbáyọ táwọn onímọ̀ ń lò lóde òní, nǹkan méjì ni wọ́n so pọ̀ nínú rẹ̀. Èkíní ni àwọ̀ tó ń tàn, tí wọ́n fi ń tọpa okùn sẹ́ẹ̀lì. Èkejì ni ọgbọ́n tí wọ́n fi ń sọ odidi ọpọlọ di ohun tí ojú ń là kọjá bíi gíláàsì. Àmọ́ orogún làwọn méjèèjì, wọn kì í fẹ́ gbé ilé kan náà.

Àwọ̀ ni ká kọ́kọ́ mú. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kò rí róbótó bíi ti inú ẹ̀jẹ̀. Ó ní orí, ó ní ẹ̀ka bíi ti igi, ó sì ní ìrù tín-ín-rín kan tó lè gùn kọjá ohun téèyàn lè rò. Lára èèyàn, ìrù tó bẹ̀rẹ̀ láti ọpọlọ lè sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, èyí tó lé ní ìdajì mítà. Nínú ìrù yìí, lọ́sàn-án lóru, ẹrù ń lọ, ẹrù ń bọ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Èlò tuntun ń ti orí sẹ́ẹ̀lì lọ sí ìdí ìrù, pàǹtírí àti ìròyìn sì ń ti ìdí ìrù padà bọ̀ wá sí orí.

Ohun táwọn onímọ̀ ṣe ni pé wọ́n fi ẹrù tiwọn náà sínú ọkọ̀. Wọ́n á fi oògùn kun ẹranko lóorun, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ta ẹ̀kán àwọ̀ kékeré sí ojú kan nínú ọpọlọ rẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹrù náà lè rìn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á pa á, tí wọ́n á yọ ọpọlọ náà láti wo ibi tí àwọ̀ dé. Àwọn àwọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á sọ ibi tí sẹ́ẹ̀lì náà ń ránṣẹ́ sí. Àwọn mìíràn á gòkè padà. Wọ́n á fi ẹni tó ń ránṣẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n gún hàn. Àwọ̀ náà kò tàn fúnra rẹ̀ bíi ti iná. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan ni wọ́n máa ń tàn sí i, tí òun á sì dá aláwọ̀ mìíràn padà, bí àmì inú owó náírà ṣe máa ń yọ kedere tí wọ́n bá fi iná aláwọ̀ àlùkò yẹ̀ ẹ́ wò ní báńkì.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí irú àwọ̀ yìí dé. Lọ́dún 1873, fàdákà ni Camillo Golgi ará Ítálì fi kun sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ di dúdú. Santiago Ramón y Cajal ará Sípéènì mú ọgbọ́n náà, ó fi ya àwòrán tí wọ́n ṣì ń wò títí dòní, àwọn méjèèjì sì jọ gba ẹ̀bùn ẹ̀yẹ Nobel lọ́dún 1906. Ṣùgbọ́n fàdákà kì í sọ ẹni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ. Ìparí àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1980 ni Hans Kuypers àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Nẹ́dálàǹdì fi oríṣi àwọ̀ méjì tó ń tàn sí ojú ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá bá àwọ̀ méjèèjì nínú rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ìránṣẹ́ ibi méjèèjì ni. Lọ́dún 1986, Schmued àti Fallon gbé èyí tí wọ́n pè ní Fluoro-Gold jáde, ó sì di ohun tí gbogbo ayé ń lò.

Orúkọ àwọn mìíràn nínú àwọn atọpinpin yìí lè mú kí èèyàn fẹ́ sá. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù ni wọ́n mú jáde látinú májèlé àrùn onígbáméjì. Apá méjì ni májèlé náà ní: ọ̀kan ló ń dá nǹkan sílẹ̀ nínú ikùn, èkejì ò ju pé kó dì mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì kó sì wọlé lọ. Wọ́n ju apá tó ń pani nù, wọ́n so àwọ̀ mọ́ apá tó ń wọlé. Àrùn dìgbòlugi náà sì ti di òṣìṣẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé tí ajá dìgbòlugi bá gé èèyàn jẹ lẹ́sẹ̀, inú iṣan ni àrùn náà máa ń gbà gun orí, tá á sì máa ti inú sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn. Lọ́dún 2007, Ian Wickersham àti Edward Callaway ní ilé ìwádìí Salk ní California yọ nǹkan kan kúrò lára fáírọ́ọ̀sì náà, débi pé kò lè fò ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ, wọ́n sì fi ohun tó ń tàn sínú rẹ̀. Ibi tó bá fò dé ni aládùúgbò sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń wá.

Ohun tó ń tàn náà, inú òkun ló ti wá. Osamu Shimomura ará Jàpáánì ló rí i lọ́dún 1962 lára ẹran omi kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, tí Òyìnbó ń pè ní jellyfish. Martin Chalfie fi hàn lọ́dún 1994 pé ẹranko mìíràn lè máa ṣe é nínú ara tiwọn, Roger Tsien sì tún un ṣe títí ó fi di aláwọ̀ oríṣiríṣi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba Nobel ọdún 2008. GFP ni orúkọ rẹ̀ ní kúkúrú, àwọ̀ ewé ló sì máa ń tàn.

Ní báyìí, kí ló dé tí ọpọlọ kì í jẹ́ kí ojú ríran wọ inú òun? Kì í ṣe pé ó dúdú. Omi àti ọ̀rá ló pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà rìn nínú omi sì yàtọ̀ sí bó ṣe ń rìn nínú ọ̀rá. Ẹni tó bá ti ki igi bọ inú korobá omi ti rí i bí igi náà ṣe dà bíi pé ó ṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ló yà níbẹ̀. Nínú ọpọlọ, gbogbo ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti inú omi bọ́ sínú ọ̀rá ló ń yà díẹ̀, tó bá sì ti yà lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, á sọnù bí àlejò tó kọ́kọ́ wọ ọjà Balógun.

Ìyá aláàkàrà mọ ojútùú rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ wo ìwé ìròyìn tí wọ́n fi pọ́n àkàrà gbígbóná. Ibi tí òróró kò kàn, funfun ni, èèyàn kò lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí òróró rin gbingbin, ẹ ó máa rí lẹ́tà tó wà ní ojú ìwé kejì. Afẹ́fẹ́ ló wà láàárín fọ́nrán bébà náà tẹ́lẹ̀, tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ máa yà kiri. Òróró lé afẹ́fẹ́ náà jáde, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà rìn nínú òróró sì sún mọ́ bó ṣe ń rìn nínú bébà. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe fún ọpọlọ. Wọ́n á lé omi jáde, wọ́n á sì fi ohun olómi mìíràn tó bá èyí tó kù mu rọ́pò rẹ̀.

Werner Spalteholz, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ní ìlú Leipzig ní Jámánì, ti kọ̀wé lórí ọgbọ́n yìí láti ọdún 1911. Àwọn òróró olóòórùn ló ń lò, odidi ẹ̀yà ara ló sì sọ di ohun tí ojú ń là kọjá. Ohun ìwòran ló jẹ́ jù nígbà náà. Ó di ọdún 2007 kí Hans-Ulrich Dodt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Munich tó fi irú òróró bẹ́ẹ̀ sọ odidi ọpọlọ eku tó ní GFP di gaara, tí wọ́n sì ya àwòrán gbogbo inú rẹ̀ láìgé e.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti padà kan àjíǹde èké. Nínú iṣẹ́ kan tó jáde lọ́dún 2012, Ali Ertürk, Frank Bradke àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwádìí Max Planck tó wà lẹ́bàá Munich mú okùn ẹ̀yìn eku tí wọ́n ti dá ọgbẹ́ sí, wọ́n sọ ọ́ di gaara láìgé e, wọ́n sì ń tọ àwọn okùn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ láti òkè ọgbẹ́ lọ. Èyí tó hù, wọ́n rí ibi tó gbà. Èyí tó dúró sójú kan, wọ́n rí ibi tó ti dúró. Ẹni tó bá ní oògùn òun mú okùn hù, wọ́n lè ní kó fi han àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. 3DISCO ni wọ́n pe ọ̀nà náà.

Àmọ́ orogún kì í pẹ́ fi ìwà hàn. Láti sọ ọpọlọ di gaara lọ́nà yìí, wọ́n ní láti fa gbogbo omi inú rẹ̀ gbẹ, kẹ́míkà líle ni wọ́n sì ń lò. GFP jẹ́ purotéènì inú òkun, omi ló fi ń gbádùn ara rẹ̀. Tí omi bá tán, tí kẹ́míkà náà bá tún ti bàjẹ́ díẹ̀ látinú afẹ́fẹ́, ṣe ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa kú lọ. Nínú 3DISCO, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ó máa ń ṣá. Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta tọ́jú eku gbọ́dọ̀ sáré ya àwòrán rẹ̀ bí ẹni tó ń ká aṣọ lórí okùn nígbà tí òjò ṣú.

Ẹjọ́ ti àwọ̀ kan tó ń jẹ́ DiI tilẹ̀ tún le jù. Marcia Honig àti Richard Hume ló fi han ayé lọ́dún 1986. Ọ̀rá ni ilé rẹ̀: inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì, tó jẹ́ ọ̀rá, ló máa ń wọ̀, tá á sì máa rá pálá lọ títí dé ìdí ìrù. Lọ́dún 2013, Kwanghun Chung àti Karl Deisseroth ní Fásitì Stanford gbé CLARITY jáde, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Wọ́n fi ohun kan tó dì bí ẹ̀kọ di purotéènì ọpọlọ mú sí àyè rẹ̀, wọ́n wá fi kẹ́míkà tó ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ àti iná mànàmáná fọ gbogbo ọ̀rá jáde. Ọpọlọ náà mọ́ gaara, GFP inú rẹ̀ sì wà digbí nítorí omi kò tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi DiI sí i ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ẹni tó kó ọ̀rá jáde ti kó DiI jáde pẹ̀lú. 3DISCO náà ń yọ́ ọ̀rá, kò sì sàn fún un níbẹ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ kan náà ni èèyàn gbọ́dọ̀ yan àwọ̀ àti ọ̀nà ìsọdi-gaara. Ẹni tó bá gún eku tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀nà tó máa gbà, ó ti pẹ́. Àwọn àwọ̀ tó ń rù ú là ni àwọn tí fọ́málíìnì lè dì mú: apá májèlé onígbáméjì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ purotéènì, fọ́málíìnì á sì so ó mọ́ àwọn purotéènì tó yí i ká, tí ọṣẹ kò fi ní rí i gbé lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríṣi ṣúgà kan tó ń jẹ́ dextran, tí wọ́n bá ti lẹ èròjà kékeré kan mọ́ ọn lára tí fọ́málíìnì lè fà mú. Bí wọ́n bá sì fi àwọ̀ tí wọ́n pò ní yàrá ìwádìí so mọ́ wọn dípò GFP, ó sábà máa ń fara da kẹ́míkà líle jù ú lọ.

Ọ̀nà mìíràn ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ kú, kí wọ́n sì tún òmíràn tàn sórí òkú rẹ̀. Ohun tí iDISCO tó jáde lọ́dún 2014 ní Fásitì Rockefeller ṣe nìyẹn. Nicolas Renier àti Zhuhao Wu wà lára àwọn tó ṣe é, Tessier-Lavigne, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta ìjọsí, sì wà níbẹ̀. Wọ́n ń lo àwọn ọmọ ogun ara tó mọ ojú GFP, tí wọ́n gbé àwọ̀ tó lágbára dání. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun yìí tóbi, ó ń pẹ́ kí wọ́n tó wọ inú ọpọlọ lọ dé àárín. Lọ́dún 2019, Ertürk àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí tó kéré gan-an rọ́pò, irú èyí tí ẹbí ràkúnmí ní nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tì í gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé. Odidi eku, àti awọ àti eegun, ni wọ́n fi ya àwòrán.

Bí ọpọlọ bá mọ́ gaara tán, báwo ni wọ́n ṣe ń wò ó? Ẹ rántí yàrá òkùnkùn tí oòrùn gba ihò wíńdò wọ̀ láàárọ̀. Ojú ibi tí ìtànṣán náà gbà nìkan lẹ ti máa ń rí eruku tó ń fò. Àwọn eruku yòókù wà níbẹ̀, ẹ kò rí wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò báyìí ń tẹ́ ìmọ́lẹ̀ lésà pẹlẹbẹ bí abẹ pákó láti ẹ̀gbẹ́ wọ inú ọpọlọ, kámẹ́rà sì wà lókè. Ojú ibi tó bá mọ́lẹ̀ nìkan ló máa yà. Wọ́n á sún ọpọlọ díẹ̀, wọ́n á tún yà, títí tá á fi tán. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé e láyé àtijọ́ ti di ìmọ́lẹ̀. Èrò náà ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí Henry Siedentopf àti Richard Zsigmondy ní Jámánì tan ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n lè rí èérún wúrà kéékèèké tó wà nínú gíláàsì.

Àwòrán odidi ọpọlọ eku kan lè gba ọ̀pọ̀ térábáìtì lórí kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ náà kò wúwo ju nǹkan bí ìdajì gíráàmù lọ, tòun ti bí ó ṣe ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 sẹ́ẹ̀lì nínú. Tí gbogbo wọn bá tàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rí. Ní ilé ìwádìí Janelia ní Virginia, ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ni wọ́n ń mú kí ó tàn nínú ọpọlọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn yìí tilẹ̀ ṣì ń lo ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ń ya àwòrán ojú ibi tí ọ̀bẹ fẹ́ gé kó tó gé e, kí ohunkóhun má baà sọnù. Èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń tọ okùn kan náà lórí kọ̀ǹpútà láti fi wò ó bóyá ibì kan náà ni wọ́n máa já sí. Ìṣirò tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019 lé ní 1,000 sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tọ̀ dópin.

Ìwọ̀n pàápàá kì í dúró sójú kan. Ọpọlọ tí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ máa ń sún kì, èyí tí wọ́n fi omi kẹ́míkà rẹ sì máa ń wú. Ẹni tó bá wọn okùn kan níbẹ̀ láìṣírò èyí, irọ́ ni ìwọ̀n rẹ̀ ń pa.

Nílé níbí, àwọn onímọ̀ nípa ara ẹranko ní Fásitì Ìbàdàn ti ń ṣe ìwádìí lórí ọpọlọ òkété, ẹran tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ju inú ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ tí ilé iṣẹ́ ń tà wọ́n gógó, kì í ṣe ohun tí fásitì wa lè dédé rà. Ó ṣe é gbọ́ sétí nígbà náà pé láti ọdún 2013 làwọn kan ti ń gbé àwòrán bí èèyàn ṣe lè to irú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́, OpenSPIM ni wọ́n pe ti àkọ́kọ́, mesoSPIM tó wá láti Zurich sì tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀nà ìsọdi-gaara kan náà kò sì ní kẹ́míkà olówó iyebíye nínú. Ṣúgà inú èso ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí wọ́n pè ní SeeDB, tó ti Jàpáánì jáde lọ́dún 2013. Wọ́n kàn ń rẹ ọpọlọ sínú omi ṣúgà tí wọ́n ń mú kó ki díẹ̀díẹ̀ ni, títí tí yóò fi nípọn bí oyin. Kò yọ ọ̀rá rárá. Kò sì mọ́ gaara tó ti CLARITY, ojú kì í là á jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìròyìn kan tún ti Stanford jáde. Zihao Ou, Guosong Hong, Mark Brongersma àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú tartrazine, àwọ̀ òfééfèé tí wọ́n ń fi sí mindin-mín-ìndìn àti oúnjẹ mìíràn, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n fi pa eku tó wà láàyè lára. Awọ ibẹ̀ di ohun tí ojú ń là kọjá, wọ́n sì rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí ọpọlọ láti ìta. Wọ́n fi omi ṣan án, ó padà sí bó ṣe wà. Nígbà náà, wọn kò tíì dán an wò lára èèyàn, awọ èèyàn sì nípọn ju ti eku lọ dáadáa.

Èyí ló gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tó le jù, ìyẹn ọpọlọ èèyàn fúnra rẹ̀, tó ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì. Kò sẹ́ni tó máa gún èèyàn alààyè lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi lórí kó lè mọ ọ̀nà tí okùn gbà. Òkú nìkan ló kù, nínú òkú sì rèé, ọkọ̀ kì í lọ, ọkọ̀ kì í bọ̀. Gbogbo àwọ̀ tó ń wọ ọkọ̀ kò wúlò níbẹ̀. DiI nìkan àtàwọn ìbátan rẹ̀ ló lè rìn, nítorí wọn kò nílò ọkọ̀. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń rá pálá gbà, wọ́n sì ti fi hàn láti ọdún 1987 pé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹran ara tó ti wà nínú fọ́málíìnì. Àwọ̀ kan ṣoṣo tí òkú èèyàn gbà, òun gan-an ni àwọn ọ̀nà ìsọdi-gaara tó dára jù ń fọ̀ dànù.

Lọ́dún 2020, ẹgbẹ́ Ertürk sọ odidi kíndìnrín èèyàn di gaara, àti abala ọpọlọ èèyàn tó nípọn, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ àti orí sẹ́ẹ̀lì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi hàn jù. Okùn kan láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí, ìyẹn ṣì kù. Àwọn tó ń gbìyànjú rẹ̀ ń gé ègé kékeré nínú ọpọlọ ẹni tó ti kú, wọ́n ń fi ẹ̀rún DiI kan sí i lára, wọ́n á sì gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Láàárín àkókò yẹn, àwọ̀ náà lè má rìn ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ ẹ́ sínú irú omi ṣúgà yẹn tí kì í fọ́wọ́ kan ọ̀rá, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ sí i, wọ́n á sì wo bí ó ṣe lọ jìnnà sí.